Ìyá fóònù, ọmọ fóònù: àkọsílẹ̀ àtúnṣe kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ẹ̀sùn mẹ́rin ni Mọ́mì, ìyá àgbà kan, kó kalẹ̀ nípa fóònù aláìlókùn ilé rẹ̀, ó sì ń fi ìka kà wọ́n. Èkíní, fóònù ilé yìí kì í pẹ́ kú. Kí ènìyàn tó kí ọmọ rẹ̀ tán, ó ti ń ké tín-tín. Èkejì, ariwo kan ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀, gbrrr, gbrrr, bí ẹni ń fi èékánná ha páànù. Ẹ̀kẹta, ọmọ fóònù tó wà lókè lọ́dọ̀ Bàbá kì í rí ìyá fóònù tó wà nísàlẹ̀ mọ́, gbogbo ìgbà ló ń kọ ọ́ sójú pé òun ń wá a. Ẹ̀kẹrin ló ká Mọ́mì lára jù: bí àwọn ọmọ bá pè, ìpè ń wọlé, bí àwọn bá fẹ́ pe ọmọ, kò lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbìyànjú àtúnṣe rẹ̀ kí oníṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó débẹ̀.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, ní apá ibi tí ojú fèrèsé ti ń rí òkè Olósùnta. Búlọ́ọ̀kù 9 íǹṣì ni wọ́n fi mọ ọ́, kọnkéré onírin ló sì pín òkè níyà sí ìsàlẹ̀. Bàbá jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún kò jẹ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé fóònù onígíláàsì kì í gbọ́ ti ìka rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wọn kan fi fi fóònù aláìlókùn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, agogo rẹ̀ ń dún ketekete.

Irú fóònù yìí kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan. Bí ọlọ ló rí: ìyá jókòó sójú kan, ọmọ là ń gbé lọ gbé bọ̀. Ìyá la so mọ́ líìnì àti iná. Ọmọ ní báàtìrì tirẹ̀ nínú, afẹ́fẹ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ fi ń bára sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ọmọ méjì ni ti ilé yìí ní, ọ̀kan nísàlẹ̀ lórí ìyá gan-an, èkejì lókè lórí ìjókòó kékeré tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa bu iná fún un lọ. Láyé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, wáyà orí òpó ni ì bá wọ ẹ̀yìn ìyá. GSM dé lọ́dún 2001, wáyà wọ̀nyẹn sì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kú pátápátá. Ohun tó rọ́pò wọn níbí ni àpótí 2G kékeré kan tó ní ihò síìmù níkùn, ẹ̀ríàlì kúkúrú lórí, àti ihò RJ11 lẹ́yìn, níbi tí wáyà fóònù ń wọ̀. Àpótí yìí ló ń sọ síìmù di líìnì ilé.

Àpótí, ìyá, ọmọ, àti iná tó ń bọ́ gbogbo wọn, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀sùn náà jẹ́ mẹ́rin. Ó rọrùn kí ènìyàn rò pé ẹ̀sùn kan ló kan ara kan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọmọ-ọmọ wọn ló kọ́kọ́ ṣí fóònù wò. Ó rí i pé báàtìrì inú ọmọ fóònù kò yàtọ̀ ní ìwọ̀n sí ti rìmóòtù tẹlifíṣàn, AAA ni méjèèjì, ó bá yọ ti rìmóòtù, ó fi í sínú fóònù. Ti rìmóòtù jẹ́ 1.5 fóltì, kò sì ṣeé gba iná sí. Ti fóònù jẹ́ NiMH, oríṣi tó ṣeé gba iná sí, 1.2 fóltì lẹ́yọ kan, méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ 2.4. Ìyá fóònù kò mọ ìyàtọ̀. Iná ló mọ̀ ọ́n tì sínú ohun tó bá wà lórí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi ti yọ lẹ́nu ọ̀kan, ó gbẹ bí iyọ̀, ó sì ti jẹ sípíríǹgì irin tó dì í mú. Wọ́n ríre tí kò bẹ́.

Nígbà kejì, owó bá báàtìrì tí wọ́n kọ 1500 mAh sí lára lọ; mAh ni òṣùwọ̀n iná tí báàtìrì lè kó pamọ́. AAA tó bá ní òun jẹ́ 1500, irọ́ ló ń pa. Ojúlówó NiMH ìwọ̀n yẹn agbára káká ni yóò fi ju 1000 lọ, èyí tó sì ń bá irú fóònù yìí wá kì í sábà ju 550 sí 750. Èyí tí wọ́n rà fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹ̀pà tí kò lọ́mọ. Ẹni tó bá ń ra báàtìrì, kí ó gbé méjì lé ọwọ́ méjì, ojúlówó kan àti àdàmọ̀dì kan. Ọwọ́ á sọ fún un.

Ẹ̀kẹta, tó ti ṣáájú méjèèjì, ni owó tó lọ sórí adápítọ̀. Èyí tó bá ẹrù wá láti Amẹ́ríkà ka 120 fóltì, 60 Hz. Iná tiwa jẹ́ 230 fóltì, 50 Hz. Ọjọ́ tí wọ́n fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló rùn. Wọ́n ra òmíràn lọ́jà, wọ́n kọ 6 fóltì sí i lára, ẹnu rẹ̀ sì wọ ẹ̀yìn ìyá, gbogbo ilé bá gbà pé ó ti parí.

Oníṣẹ́ tuntun dé, òun náà sì ṣe àṣìṣe kan náà tí gbogbo ènìyàn ń ṣe: ó ti orí báàtìrì bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn. Iṣẹ́ tó ṣe dára o. Ó fi rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ha ìpata kúrò lójú sípíríǹgì náà, ó fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì nu irin pẹlẹbẹ méjì tó wà nídìí ọmọ àti méjì tó wà lórí ìyá, àwọn ibi tí iná ń gbà kọjá. Ìdọ̀tí ibẹ̀ kì í hàn sójú. Ọ̀rá ọwọ́ àti eruku ni, ó sì tó láti mú kí ọmọ jókòó mọ́jú láìjẹun. Ó fi ojúlówó báàtìrì 750 mAh mẹ́rin sí méjèèjì, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án fún wákàtí 16. Ó lọ.

Ọjọ́ kẹta, Mọ́mì tún ránṣẹ́ pè é. Ó ṣì ń kú.

Ibí ni iṣẹ́ náà ti yí padà. Dípò kí oníṣẹ́ tún ṣí fóònù, ó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò kan fóònù: "Mọ́mì, wákàtí mélòó ni iná ń lò níhìn-ín lójúmọ́?"

"Uná?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, bó bá lo márùn-ún, a ó jó."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìyá fóònù kì í rọ́ iná sínú báàtìrì bíi ṣájà fóònù alágbèéká. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára báàtìrì ní wákàtí kan, ìyẹn ni wákàtí 16 fi wà nínú ìwé rẹ̀. Nílé tí iná ń lo wákàtí 5, wákàtí 16 ti di ọjọ́ mẹ́ta ó lé, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan fóònù. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Bí iná bá lọ, ìyá kú, nítorí kò ní báàtìrì. Ọmọ kò kú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ìyá mọ́, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó ń pariwo sínú afẹ́fẹ́ láìsinmi, wíwá yìí sì ń jẹ báàtìrì ju ìsinmi orí ìyá lọ fíìfíì. Iná tó lọ ń ṣe é ní ìbàjẹ́ méjì: kò jẹ́ kó jẹun, ó tún ń mú un sáré. Ẹni tó bá lo tẹlifóònù olókùn láyé NITEL kò lè mọ èyí, torí líìnì fúnra rẹ̀ ló ń gbé fóltì 48 wá láti ọ́fíìsì wọn. Iná ilé lè lọ bó ṣe wù ú.

Ilé náà ní ínfátà. Gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣàn ló ń bọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìyá fóònù wà lójú rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó rí, bẹ́ẹ̀ wọ́ọ̀tì 2 sí 3 péré ni gbogbo ohun tí ìyá fóònù ń jẹ.

Oníṣẹ́ yọ míta jáde kó tó sọ ìyẹn. Ó gbé e sórí DC, iná bíi ti báàtìrì, fóltì 20, ó fi wáyà pupa kan inú ẹnu adápítọ̀ ọjà náà, dúdú kan ẹ̀yìn rẹ̀. Míta kà 9.4. Lára rẹ̀, 6 ni wọ́n kọ. Ó gbé ọmọ kúrò lórí ìyá, ó fi adápítọ̀ sẹ́yìn ìyá, ó sì fi orí míta tẹ ojú irin inú ihò náà: 7. Ó gbé ọmọ padà sórí ìyá kó lè máa gba iná: 4.8. Adápítọ̀ kan, òǹkà mẹ́ta. Irú èyí kò ní ohun tó ń di fóltì mú nínú. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ó fò sókè, bí ẹrù bá dé, ó wọlẹ̀. Nítorí náà, fífi míta wọn adápítọ̀ lásán, láìsí ẹrù lórí rẹ̀, kò tó. Ọ̀pọ̀ adápítọ̀ ló ń jẹ́rìí èké lọ́wọ́ òfìfo.

Èyí tó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ oríṣi fífúyẹ́ tó ń gba 100 sí 240 fóltì wọlé, 6 fóltì jáde, 1 ámpù. Ìyá bèèrè 500 mA nìkan, ìyẹn ìdajì ámpù. Ámpù tó pọ̀ jù kò ní í pa á, ohun tó bá fẹ́ ni yóò mu. Fóltì ni kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Kí a sì wo àwòrán kékeré tó wà lára ìyá bóyá àárín ẹnu ló jẹ́ rere (+) tàbí ẹ̀yìn. Àwọn fóònù àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ AC, iná bíi ti ara ògiri, ni adápítọ̀ wọn ń gbé jáde. Bí a bá fi DC sí irú wọn, wọn kò ní í jí.

Ìdí ẹ̀sùn kìíní ti hàn báyìí; ti ínfátà yóò kàn tó bá yá. Ariwo kò lọ. Ìpè kò sì jáde.

Ní ìgbà kẹta ni oníṣẹ́ mú fóònù olókùn wá, èyí tí kò ní ju bọ́tìnnì 12 lọ, irú èyí tó ti kún àwọn ọ́fíìsì ìjọba rí. Ó yọ wáyà kúrò lẹ́yìn ìyá, ó fi olókùn sẹ́nu àpótí síìmù. Ó gbé e sétí: ohùn líìnì ń lọ geere, ariwo gbrrr sì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà kan. Ohùn obìnrin tí a gbà sílẹ̀ dáhùn pé kò ṣeé ṣe.

Fún ìṣẹ́jú méjì, nǹkan tí kò tó owó mọ́tò láti Ado sọ ohun tí báàtìrì mẹ́rin àti adápítọ̀ méjì kò lè sọ: ẹ̀sùn méjì nínú mẹ́rin kò kan fóònù aláìlókùn rárá. Àpótí ló ni wọ́n, tàbí síìmù inú rẹ̀. Bí olókùn bá mọ́ kedere tí aláìlókùn ń pariwo, ìgbà yẹn ni à ń bá ìyá àti ọmọ jà.

Ariwo yẹn, ẹni tó ti gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò rí mọ̀ ọ́n: rédíò á ti ké kí fóònù tó dún. Ẹ̀rọ GSM 2G kì í ránṣẹ́ ní àìdáwọ́dúró. Ó ń bú jáde, ó ń dákẹ́, nígbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà fóònù tó bá wà nítòsí sì ń gbé e bí ohùn. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé yìí, ẹ̀ríàlì àpótí fara ti ẹ̀gbẹ́ ìyá fóònù gan-an, wáyà tó so wọ́n pọ̀ sì ká mọ́ ìdí ẹ̀ríàlì bí ejò. Oníṣẹ́ gbé àpótí lọ sójú fèrèsé, ó tú wáyà náà. Ó ku nǹkan bí mítà méjì láàárín wọn. Ariwo náà rọlẹ̀ títí kò fi sí mọ́. Ojú fèrèsé tún ṣe oore kejì: ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lágbára, àpótí kì í pariwo sókè tó bẹ́ẹ̀, torí kò nílò agbára púpọ̀ láti dé ọ̀dọ̀ òpó.

Ó ku ìpè. Oníṣẹ́ kọ́kọ́ wo ohun méjì tó sábà ń fa irú rẹ̀. Àwọn fóònù kan wà tí wọ́n fi sórí títẹ̀ oní-kọ́-kọ́-kọ́ ti àtijọ́. Àpótí síìmù púpọ̀ kì í gbọ́ èdè yẹn, ti olóhùn nìkan ni wọ́n gbọ́. Èyí wà lórí olóhùn. Èkejì, lẹ́yìn tí a bá tẹ nọ́ńbà tán, àpótí ń dúró bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti mọ̀ bóyá ó tán, àfi bí a bá tẹ #. Ọ̀pọ̀ àgbà ń gbọ́ ìdákẹ́ yẹn, wọ́n rò pé kò lọ, wọ́n pa á. Ìyẹn náà kọ́ ni tibí, torí ohùn obìnrin ń dáhùn. Ó yọ síìmù, ó fi sínú fóònù tirẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan. Ohùn kan náà.

Ọdún 2022 ni. Láti oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n dí ìpè tó ń jáde lórí síìmù tí a kò bá so mọ́ NIN. Nígbà yẹn, ìpè ń wọlé, kì í jáde. Àpèjúwe Mọ́mì gẹ́lẹ́. Orúkọ ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Ado ni síìmù wà. Ó ti so tirẹ̀ tó ń lò mọ́ NIN, kò rántí pé òun ni òun ra èyí tó wà nínú àpótí. Ó tẹ *346# láti rí nọ́ńbà NIN rẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fúnra rẹ̀, ó padà, ó ku kí wọ́n dúró. Nígbà tó ṣí, Mọ́mì pe Amẹ́ríkà láìwo aago. Wọ́n jí ọmọ náà lóru.

Ti òkè ló gbẹ̀yìn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí irú fóònù yìí pé ó ń dé nǹkan bí 50 mítà nínú ilé, 300 ní gbangba. Búlọ́ọ̀kù wa àti kọnkéré tó ní irin nínú kò sí nínú 50 yẹn. Ìyá wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣàn. Ọmọ wà lókè, lẹ́yìn ògiri méjì àti kọnkéré kan. Oníṣẹ́ na wáyà fóònù pẹlẹbẹ 10 mítà láti ojú fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wà lórí ínfátà. Àpótí dúró nísàlẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ìyá gòkè lọ síbi tí ọmọ méjèèjì ti lè gbọ́ ọ. Ọmọ tòkè ṣì ń wá ìyá rẹ̀, ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì já a kúrò lára ìyá nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà. Oníṣẹ́ di bọ́tìnnì ìyá mú títí ó fi ké, ó fi àkójọ inú ọmọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ padà, fóònù bèèrè nọ́ńbà àṣírí, 0000 ni.

Nígbà tó dojú ìyá dé láti fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ ògiri ló tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Lẹ́ta wẹ́wẹ́: 1920–1930 MHz, ìyẹn ojú ọ̀nà rédíò tí ìyá àti ọmọ fi ń bára sọ̀rọ̀. Ibi tí Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún fóònù aláìlókùn nìyẹn. Ti Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń lò, jẹ́ 1880–1900. Ní ilẹ̀ wa, 1920 lọ sókè títí dé 1980 bọ́ sínú ọ̀nà tí fóònù 3G fi ń dá òpó lóhùn. Fóònù ilé yìí ń sọ̀rọ̀ nínú ilé onílé, kò sì sí àmì NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, lára rẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fa gígé tí ohùn òkè máa ń gé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i kó dákẹ́. Ó sọ ọ́ fún wọn. Inú Mọ́mì kò dùn, ẹ̀bùn ọmọ ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wà lórí 1880–1900, tí adápítọ̀ rẹ̀ gba 230 fóltì. Báàtìrì 750 mẹ́rin nìkan ló ṣí kúrò nínú ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun.

Fún àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ kan péré ni ì bá gbà ká ní a ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká dojú ìyá dé, ká ka fóltì, ká ka MHz, kí a tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; bí MHz bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ká sọ ọ́ kí wọ́n tó ra báàtìrì. Ká fi fóònù olókùn sẹ́nu líìnì. Ká fi síìmù sínú fóònù tiwa. Ká béèrè wákàtí iná. Ká wọn adápítọ̀ nígbà tí ọmọ wà lórí ìyá. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni báàtìrì kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí ojúlówó NiMH tó rẹ̀, nítorí náà oníṣẹ́ fi bírò kọ oṣù àti ọdún sí ara ti ilé yìí kó tó pa ìdérí dé.

Fóònù olókùn yẹn kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ẹnu onímèjì sí ihò àpótí, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mọ́mì, torí àpótí ní báàtìrì nínú; bí ínfátà bá rẹ̀ lóru, òun ṣì ń dún. Bàbá ní tirẹ̀ kì í tẹ #. Ó ní tíṣà ni òun, òun mọ bí a ti ń dúró de ìdáhùn.